Ìtàn Ọ̀pá Irin Inú Ìbàdí, àti Ìdí tí Aláìsàn fi Gbọ́dọ̀ Padà Wá fún Àyẹ̀wò

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa irin kan tí kò gùn tó ọwọ́ àgbàlagbà láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Irin yìí ni àwọn oníṣègùn ń fi sínú egungun itan ẹni tí oríkèé ìbàdí rẹ̀ ti bàjẹ́, kí ó lè tún dìde, kí ó sì tún rìn. Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, ọ̀pá ni a ó máa pè é. Irú ọ̀pá kan tí a mọ̀ káàkiri ayé gùn ní mìlímítà 150. Ní àkókò tiwa yìí, a ti ṣe irú rẹ̀ tí ó kúrú, tí kò ju mìlímítà 125 lọ. Ohun tí a gé kúrò kò ju ìbú ìka kan àti ààbọ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, Kí ni ìbú ìka kan àti ààbọ̀ jẹ́, tí a ó fi kọ ìwé nítorí rẹ̀? Àwọn baba wa ti dáhùn tipẹ́: bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nínú ìtàn ọ̀pá yìí, àyípadà tí ó kéré ju èyí lọ ti mú ìrora padà bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àyípadà mìíràn tí ó kéré bákan náà sì ti mú ìrọ̀rùn wá. Ní ọjọ́ tí a ṣe é, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ èyí tí yóò jẹ́ ibi àti èyí tí yóò jẹ́ ire. Ohun kan ṣoṣo ni ó fi ìyàtọ̀ wọn hàn, èyí ni ìṣirò: pé a mọ ẹni tí a fi í sí lára, a mọ ọjọ́ tí a fi í sí i, a sì ń bi í léèrè lọ́dọọdún bí ó ti ń rìn. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ fà yọ nínú ìtàn yìí.

I. Ìrora tí ń bẹ láàárín wa

Egungun itan ni ó gùn jù lọ nínú gbogbo egungun ara. Orí rẹ̀ rí roboto bí ọsàn kékeré, ó sì jókòó sínú ihò kan lára egungun ìbàdí, bí orí ọmọ odó ti ń jókòó sínú odó. Bí a bá ń rìn, bí a bá ń kúnlẹ̀, bí a bá ń gun òkè, oríkèé yìí ni ó ń ru ẹrù ara. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá ṣì dán, a kì í mọ̀ pé ó wà. Nígbà tí ó bá bàjẹ́, kò sí ìṣísẹ̀ kan tí kì í rán wa létí rẹ̀.

Ohun tí ń bà á jẹ́ pọ̀. Ọjọ́ orí ń jẹ ẹ́. Jàǹbá ọkọ̀ ń fọ́ ọ. Àgbà tí ó ṣubú lójú ilẹ̀ lásán lè ṣẹ́ ọrùn egungun itan rẹ̀. Ikọ́ ife lè wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwa Yorùbá, ohun kan wà tí ń bà á jẹ́ lára àwọn ọ̀dọ́, èyí ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Lára ẹni tí ó ní àrùn yìí, àwọn ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ a máa tẹ̀ bí dòjé. Wọn a sì dí àwọn òpójẹ̀ tín-ín-rín tí ń gbé oúnjẹ lọ sí orí egungun itan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, kíkú ni yóò kú. Orí egungun náà a rọ̀, a sì wó lulẹ̀ bí ògiri tí òjò ti wọ ìdí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nínú àyẹ̀wò ńlá kan tí a tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 1991, a rí i pé nǹkan bí ẹni 1 nínú 10 àwọn tí ó ní àrùn náà ni orí egungun itan wọn ti kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni a sì ti ń bí ọmọ tí ó ní àrùn yìí jù lọ ní gbogbo ayé. Nǹkan bí ẹni 1 nínú 4 wa ni ó ru ìdajì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọmọbìnrin kan ní Kúta níhìn-ín, ẹni ọdún 25, tí ó ń ra ọjà ní oko tí ó sì ń gbé e lọ tà ní Ìwó. Ìbàdí rẹ̀ ti wó. Ó ń fi ọ̀pá rìn bí arúgbó; kò lè kúnlẹ̀ kí àgbà, kò sì lè gbé igbá rù. Bí oníṣègùn bá fẹ́ fi ìbàdí àtọwọ́dá sí i lára, ìṣòro méjì ni yóò bá pàdé. Èkíní, ọ̀dọ́ ni. Ọjọ́ tí yóò lo irin náà pọ̀ ju ti àgbà ẹni 70 ọdún lọ, ó sì lè jẹ́ pé a ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó di arúgbó. Èkejì, ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn dáradára ti yí inú egungun itan rẹ̀ padà pẹ̀lú. Níbi tí mùdùnmúdùn yẹ kí ó wà, ibòmíràn ti le bí òkúta, ihò inú egungun sì ti fún. Nígbà tí oníṣègùn bá ń la ọ̀nà fún ọ̀pá gígùn nínú irú egungun bẹ́ẹ̀, irinṣẹ́ rẹ̀ lè yà, kí ó lu egungun náà jáde tàbí kí ó là á. Fún irú ọmọbìnrin yìí, ìbú ìka kan àti ààbọ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ọ̀pá tí a gé kúrú lè pẹ́ bí èyí tí ó gùn? Láti dáhùn, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn.

II. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú

Ní ọdún 1890 àti 1891, ní ìlú Berlin ní Jámánì, oníṣègùn kan tí à ń pè ní Themistocles Gluck gbẹ́ oríkèé láti inú eyín erin, ó sì fi í sí ara àwọn aláìsàn. Ó po nǹkan ìlẹ̀mọ́ láti fi dì í mú sínú egungun. Èrò rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tọ́jú ni ikọ́ ife ti wọ oríkèé wọn. Ọyún dé, a sì ní láti yọ eyín erin náà kúrò.

Lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 1923, Marius Smith-Petersen ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà fi ife dígí bo orí egungun itan. Dígí náà fọ́ sínú ara. Ní ọdún 1938, ó rí irin àdàlù kan tí ara kò kọ̀, ó sì fi irin náà rọ́pò dígí. Ní ọdún 1938 yìí kan náà, Philip Wiles ní ìlú London fi irin ṣe orí egungun àti ihò rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n irin náà kò dúró ṣinṣin.

Nígbà náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì dìde ní Paris, Jean àti Robert Judet. Ní ọdún 1946, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gé orí egungun itan tí ó bàjẹ́ kúrò, wọ́n sì fi orí tí a fi ike ṣe rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pá kúkúrú kan ń bẹ lábẹ́ orí náà, tí a ń tì bọ inú ọrùn egungun. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: ọ̀pá kúkúrú ni. Inú àwọn aláìsàn dùn. Àwọn tí kò lè dìde ń rìn láàárín ọjọ́ díẹ̀, òkìkí iṣẹ́ náà sì kàn dé ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn oníṣègùn níbi gbogbo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ike náà fi bẹ̀rẹ̀ sí jẹ. Àwọn kan ṣẹ́, àwọn kan tú nínú egungun. Ìrora padà wá, nígbà mìíràn ó ju ti àtijọ́ lọ.

Lẹ́yìn èyí, ojú ọ̀pá kúkúrú di ojú tí a ń sá fún. Àwọn oníṣègùn tẹ̀ lé ọ̀nà Austin Moore ti Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ti fi orí irin rọ́pò orí egungun itan ní ọdún 1940, tí ó sì wá ṣe ọ̀pá tí ó gùn, tí ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò egungun. Gbogbo ayé wí pé, Gígùn ni ààbò. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ohun tí ó bàjẹ́ ní Paris kì í ṣe ti gígùn nìkan. Ike tí kò le tó ń bẹ níbẹ̀, ìdìmú tí kò dára sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ohun mẹ́ta bá bàjẹ́ pọ̀, ó ṣòro láti mọ èyí tí ó fa ìṣubú, bí kò ṣe pé a yà wọ́n sọ́tọ̀ kí a sì kà wọ́n.

III. Ọkùnrin tí ó kọ́ láti dúró

Ẹni tí ó sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ tí ó ṣe é fọkàn tán ni John Charnley, ní ilé ìwòsàn Wrightington ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣe ohun mẹ́ta pọ̀. Ó mú kí orí irin náà kéré, kí ìyíra rẹ̀ nínú ihò má bàa le. Ó fi ike ṣe ihò náà. Ó sì lo sìmẹ́ńtì láti fi ọ̀pá irin mọ inú egungun. Kì í ṣe sìmẹ́ńtì tí a fi ń kọ́lé. Ohun kan ni tí àwọn oníṣègùn eyín ti ń lò, tí a ń po bí ẹ̀kọ, tí ó sì ń le láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ike tí ó kọ́kọ́ lò ni Teflon. Ó fi í sí ara nǹkan bí 300 ènìyàn, láti nǹkan bí ọdún 1958 dé 1962. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ń rìn dáradára. Bí ó bá jẹ́ pé ó dágbére fún wọn nígbà náà, ìbá máa yọ̀ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń pè wọ́n padà, ó ń ya fọ́tò egungun wọn, ó sì rí i pé irin ń jẹ ike náà lọ, àti pé ẹ̀ka ike tí ó bọ́ sílẹ̀ ń ba egungun jẹ́. Charnley kò fi ẹ̀bi náà pamọ́. Òun tìkára rẹ̀ ni ó tún wọn ṣe, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

Ní oṣù November ọdún 1962, ó bẹ̀rẹ̀ sí lo ike mìíràn tí ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ti fi ègé ike náà sínú itan ara rẹ̀, láti mọ̀ bí ara yóò ti gbà á. Ó sì ti kọ́ láti dúró. Fún ọdún mélòó kan kò jẹ́ kí a máa ta irin rẹ̀ fún oníṣègùn gbogbo. Ó fẹ́ mọ bí yóò ti rí lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Ó bẹ àwọn aláìsàn rẹ̀ pé, bí wọ́n bá kú, kí wọ́n gbà kí a yẹ ìbàdí wọn wò, ọ̀pọ̀ sì gbà. Nípa bẹ́ẹ̀ ni òkú fi ń kọ́ alààyè.

IV. Ọ̀pá tí ó ṣóńṣó bí ìdí ọkọ́

Ní ìlú Exeter ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣègùn kan, Robin Ling, àti onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Clive Lee, jọ ṣe irú ọ̀pá mìíràn. Ní oṣù November ọdún 1970 ni a kọ́kọ́ fi í sí ara ènìyàn. Ọ̀pá Exeter yìí ni èyí tí a wá gé kúrú, nítorí náà ó yẹ kí a mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ ni yóò sì tètè mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo ọkọ́. Alágbẹ̀dẹ a máa rọ ìdí rẹ̀ kí ó ṣóńṣó, a ó sì ti ìdí náà bọ inú ihò ẹrúkọ́. Kò sí ìṣó níbẹ̀, kò sí àtè. Bí àgbẹ̀ ti ń fi í ro ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdí irin ń rì wọ inú igi díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń le sí i. Ohun tí ń gbìyànjú láti tú u ni ó ń dì í. Bákan náà ni ọ̀pá Exeter. Ó ṣóńṣó, ojú rẹ̀ sì dán bí dígí. Kò lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. Ó ń rì nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n nǹkan bíi mìlímítà 1 sí 2 ní ọdún méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn mọ́. Bí ó ti ń rì ni ó ń fún sìmẹ́ńtì mọ́ egungun.

Ọ̀pá àkọ́kọ́ yìí wọ ara ìbàdí 433 láàárín ọdún 1970 sí 1975. Nígbà tí a ka àbájáde wọn lẹ́yìn ọdún 33, tí a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 2009, a rí i pé èyí tí a ní láti yí padà nítorí pé ọ̀pá rẹ̀ tú kò tó 10 nínú 100.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín. Díẹ̀ nínú àwọn ọ̀pá àkọ́kọ́ ṣẹ́, nítorí náà a wá irin tí ó le jù. Ní ọdún 1976, bí a ti ń yí irin náà padà, a kò dán ojú rẹ̀ mọ́; ó rí ṣákálá díẹ̀, bí irin tí a fi yanrìn ha. Kò sí ẹni tí ó rò pé ìyẹn jẹ́ nǹkan. Gígùn rẹ̀ kò yí padà, ọ̀nà tí a ń gbà fi í sí ara kò sì yí padà. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí ojú rẹ̀ kò dán kò lè rì jẹ́jẹ́. Ó ń ha sìmẹ́ńtì bí ó ti ń mì, ìyẹ̀fun tí ó hà sì ń ba egungun jẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn tí ó gba ọ̀pá tuntun ń padà wá pẹ̀lú ìrora ju àwọn ti àtijọ́ lọ. Ní ọdún 1986, wọ́n dá ojú dídán náà padà. Ọdún mẹ́wàá ni ohun tí kò nípọn tó irun orí fi da àwọn ènìyàn láàmú, àti pé bí kì í bá ṣe ti ìwé ìṣirò tí Ling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tọ́jú, ta ni ìbá mọ ìdí rẹ̀?

V. Àwọn tí a kò rí orúkọ wọn

Níbi tí ìṣirò kò sí, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Láti ọdún 1991 dé 1997, a ń ta irú ìbàdí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Capital. A ṣe é kí ó jọ ti Charnley, owó rẹ̀ sì kéré sí i. A fi í sí ara àwọn ènìyàn tí ó lé ní 4,600. Nígbà tí ó ṣe, a rí i pé púpọ̀ nínú wọn ń tú kí ọjọ́ wọn tó pé, àti ní oṣù February ọdún 1998, àwọn aláṣẹ kéde ìkìlọ̀ pé kí a pe gbogbo àwọn tí ó gbà á padà fún àyẹ̀wò.

Ó rọrùn láti kéde; rírí wọn ni ó ṣòro. Kò sí ìwé kan ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà tí a kọ orúkọ ẹni àti orúkọ irin tí ó gbà sí pọ̀. Àwọn kan ti ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà, àwọn kan kò sì mọ irú irin tí ó wà lára wọn. Láti inú ìtìjú yìí ni wọ́n ti kọ́gbọ́n. Ní ọdún 2003, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ fún gbogbo oríkèé àtọwọ́dá. Sweden ti ní tirẹ̀ fún ìbàdí láti ọdún 1979, Norway láti ọdún 1987, Ọsirélíà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999.

Àwa ará Kúta yẹ kí ó tètè mọ ìwúlò irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọmọ Òwu ni wá. Nígbà tí ogun tú Òwu ká ní àwọn ọdún 1820, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́n lọ sí ìlú púpọ̀, kí ni ó jẹ́ kí ọmọ Òwu máa dá ara wọn mọ̀? Oríkì ni, àti orúkọ ìdílé. Ẹni tí oríkì rẹ̀ kò sọnù, kò sọnù. Ìwé àkọsílẹ̀ ni oríkì irin: ó ń sọ ibi tí ó ti wá, ara ẹni tí ó wọ̀, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí.

VI. Ìdáhùn ìbéèrè wa

Ǹjẹ́ a lè wá dáhùn nípa ọ̀pá tí a gé kúrú? A lè dáhùn dé ìwọ̀n kan.

Èrò tí ó mú kí a gé e ni pé nínú ọ̀pá tí ó ṣóńṣó tí ó sì dán, apá òkè ni ó ń ru ẹrù tí ó pọ̀ jù. Ìdí ìsàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èrè gígé rẹ̀ pọ̀. Ó ń wọ egungun tí ihò rẹ̀ fún tàbí tí ó tẹ̀. Egungun tí a óò gbẹ́ dín kù. Bí ó bá sì di dandan láti tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú, sìmẹ́ńtì tí a óò yọ kò jìn. A tilẹ̀ ti ń lo ọ̀pá kúkúrú nínú títún ṣe: bí sìmẹ́ńtì àtijọ́ bá ṣì di egungun mú dáradára, oníṣègùn lè fi í sílẹ̀, kí ó da sìmẹ́ńtì tuntun díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ó sì ti ọ̀pá kúkúrú bọ̀ ọ́.

Àbájáde rẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 2013, a tẹ ìṣirò kan jáde láti inú ìwé àkọsílẹ̀ Ọsirélíà. Wọ́n fi àwọn tí ó gba ọ̀pá Exeter kúkúrú wé àwọn tí ó gba èyí tí ó gùn. Lẹ́yìn ọdún méje, iye àwọn tí a ní láti tún ṣe nínú ẹgbẹ́ méjèèjì kò ní ìyàtọ̀ tí ó ṣe gbòógì. Ẹ̀rí yìí lágbára, nítorí pé àwọn tí a fi ọ̀pá kúkúrú sí lára ni àwọn tí egungun wọn kéré, tí iṣẹ́ abẹ wọn sì ṣòro jù. Ohun tí a ti sá fún láti ìgbà àwọn Judet ti padà wá, ṣùgbọ́n kò padà wá bí ó ti lọ. Irin ti rọ́pò ike. Sìmẹ́ńtì ti dì í mú. Ojú rẹ̀ ti dán.

Síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ fi ayọ̀ bo ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀. Èkíní, ọ̀pá tí ó kéré tí ó sì tín-ín-rín lè ṣẹ́ lábẹ́ ara tí ó wúwo. A ti rí i. Èkejì, ọ̀pá tí ó gùn a máa jẹ́ kí ihò egungun tọ́ ọ sọ́nà. Èyí tí ó kúrú lè dúró ní ìtẹ̀sí bí ọwọ́ ẹni tí ó ń fi í sí i kò bá mọ́ iṣẹ́. Ẹ̀kẹta, ìwé àkọsílẹ̀ Sweden fi hàn pé ọ̀pá tí ó ṣóńṣó tí ó sì dán ní ewu kan ju àwọn tí ń lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì lọ: egungun itan lè là yí i ká, bí ẹni náà bá ṣubú. Ẹ̀kẹrin, ọdún méje kì í ṣe ọgbọ̀n ọdún. Fún àgbà ẹni 75 ọdún, ọdún méje jẹ́ ohun ńlá. Ọmọbìnrin Kúta tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ṣì jẹ́ ẹni ọdún 32, tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdáhùn tirẹ̀ kò tíì pé nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

VII. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Láàárín wa, ìtọ́jú egungun kì í ṣe ohun tuntun. Kí ilé ìwòsàn tó dé ni àwọn tí ń to eegun ti ń fi igi tín-ín-rín àti okùn di apá àti ẹsẹ̀ tí ó dá. Ní ọdún 1907, Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ti ìjọ Baptist ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ìwòsàn tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen lónìí, yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2001 tí ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Ìwó, nítòsí wa níhìn-ín. Ní ọdún 1945 ni a dá ilé ìwòsàn eegun ti Igbóbì sílẹ̀ ní Èkó, fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì. Ní ọdún 1957 ni ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. A ti ń fi ìbàdí àtọwọ́dá sí ara ènìyàn ní Nàìjíríà, èyí tí ó ní sìmẹ́ńtì àti èyí tí kò ní. Ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà kò jìnnà sí wa mọ́.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí iṣẹ́ náà má ṣe parí ní ọjọ́ tí aláìsàn bá jáde kúrò ní ilé ìwòsàn. A mọ ìwà wa. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń dùn wá, a ó ta ilẹ̀, a ó yá owó, a ó sì lọ sí ibi tí ó jìnnà. Nígbà tí ìrora bá lọ, a ó dúpẹ́ nínú ìjọ, a ó jó, a kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. A ó wí pé owó ọkọ̀ pọ̀, àti pé kò sí ohun tí ń ṣe wá. Ṣùgbọ́n àwọn 300 tí ó gba Teflon ní ọwọ́ Charnley, ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí ń ṣe wọ́n. Àwọn tí ó gba ọ̀pá tí kò dán lẹ́yìn ọdún 1976, kò sí ohun tí ń ṣe wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀. Irin a máa bẹ̀rẹ̀ sí tú kí ẹni tí ó rù ú tó mọ̀; fọ́tò egungun ni yóò kọ́kọ́ rí i. Àwọn àgbà wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ní ọrọọrún. Bí ẹni tí ń dífá kò bá gbẹ́kẹ̀ lé ìdáhùn àná, èéṣe tí àwa yóò fi gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tò ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi sílẹ̀ fún yín. Bí ẹnìkan nínú ilé yín bá gba ìbàdí àtọwọ́dá, ẹ béèrè orúkọ irin náà, gígùn rẹ̀, àti ọjọ́ tí a fi í sí i. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì fi í pamọ́ síbi tí ẹ ń fi ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí. Bí ilé ìwòsàn bá dá ọjọ́ fún un láti padà wá, kí ẹ rán an lọ, bí ó tilẹ̀ ń jó. Bí ó bá sì ṣí kúrò ní Kúta lọ sí Èkó tàbí sí òkè òkun, kí ó jẹ́ kí ilé ìwòsàn mọ ibi tí ó wà. Ọmọbìnrin tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fún ara rẹ̀ nìkan. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin mìíràn yóò jókòó níwájú oníṣègùn, ìbàdí rẹ̀ yóò ti wó, ihò egungun rẹ̀ yóò sì fún. Yóò béèrè bí ọ̀pá kúkúrú yóò bá a dé ọjọ́ ogbó. Ìdáhùn tí a óò fún un ni èyí tí ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ kọ sínú ìwé.